Níbo ni mo lè kó àwọn àgbà Gíríìkì lọ ní Melbourne?

Àkẹ́ Èkìtì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìtọ́jú àgbà ni iṣẹ́ mi níbí, ní Melbourne, Ọsirélíà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ètò òde àwọn àgbà Gíríìkì lé mi lọ́wọ́: ìyá méje, bàbá mẹ́rin, ẹni tó kéré jù nínú wọn ti pé ẹni ọdún 78. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, bọ́ọ̀sì kékeré kan, kí wọ́n kúrò nínú ilé kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe dójú tì mí. Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù tó kọjá ni. A yí ọgbà òdòdó ká, a wá wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti bá wa sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹran màlúù àti ọ̀dùnkún tí wọ́n fi bọ́tà gún ni wọ́n gbé síwájú wọn. Ìyá mẹ́fà ò fọwọ́ kàn án, búrẹ́dì lásán ni wọ́n ń jẹ. Ìyá keje, opó tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, gbọ́ orin tó ń dún níbẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Mo ní kí n fi kọfí tu àwọn bàbá lójú, mo bá ní kí wọ́n gbé kọfí Tọ́kì mẹ́rin wá. Bàbá kan gbá tábìlì!

Wọn ò bínú pẹ́, ọ̀kan tiẹ̀ ki súìtì bọ̀ mí lápò ká tó délé. Àmọ́ òde tó ń bọ̀ ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn ṣe rí, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ààwẹ̀ ni wọ́n wà! Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìjọ Kristẹni tí ọ̀pọ̀ Gíríìkì ń lọ, máa ń gba 40 ọjọ́ ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n á tún wá gba Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ran, kò sẹ́yin, kò sí wàrà. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá yẹn kì í jẹ ẹran ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì jálẹ̀ ọdún. Tó bá tún di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn títí wọ ọjọ́ 14, nítorí àjọ̀dún Màríà tó bọ́ sí ọjọ́ 15.

Má fi Ọdún Àjíǹde tiwa wọn tiwọn o. Ní 2024, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni tiwa, tiwọn di ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ní 2025, méjèèjì pàdé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Lọ gba kàlẹ́ńdà nílé ìjọsìn wọn, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì ibi iṣẹ́. Lásìkò ààwẹ̀, ẹ̀wà, ólífì, ewébẹ̀, edé, gbogbo ìyẹn ń lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta nìkan àti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ẹja ń wọlé. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n dín, pẹ̀lú ata áyù. Ọjọ́ 25 yẹn náà ni wọ́n fi ń rántí ogun òmìnira wọn ti 1821, nítorí náà má ṣètò òde míì lé e lórí.

Kọfí Gíríìkì ló ń jẹ́ lẹ́nu tiwọn. Bi olúkúlùkù bóyá sketo (kò sí ṣúgà), metrio (ṣúgà díẹ̀) tàbí glyko (ó dùn dáadáa).

Bàbá Ìjẹ̀bú
Àdúgbò Oakleigh ni kí o kó wọn lọ, sí àwọn ilé kọfí ní òpópónà Eaton Mall. Gíríìkì ni wàá máa gbọ́ ní ọ̀tún ní òsì. Kí àwọn bàbá jókòó síta, kí wọ́n máa ta tavli bí àwọn bàbá tiwa ṣe ń tayò. Wákàtí méjì gbáko, má wo aago. Ohun tó ń bí wọn nínú jù ni kí ọmọdé máa sáré kó wọn wọ bọ́ọ̀sì.

Má pe ìyá kankan lórúkọ lásán, "Kyria" ló ń ṣáájú rẹ̀. Bi wọ́n ní abúlé tí wọ́n ti wá, wọ́n á sọ̀tàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé wọn, 1946 sí 1949, fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà tí kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣadé N.
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí gbogbo òde jẹ́ ti Gíríìkì? Ọgọ́ta ọdún ni àwọn mìíràn ti lò níbí. Bàbá tí mò ń tọ́jú sọ fún mi pé, "Oúnjẹ Gíríìkì wà nílé mi. Mú mi lọ wo footy," ìyẹn bọ́ọ̀lù Ọsirélíà. Ẹ bi wọ́n léèrè ná, lọ́kọ̀ọ̀kan!

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ ni Ṣadé sọ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ẹni tí ìgbàgbé ti ń bá jà lè sọ Gẹ̀ẹ́sì nù pátápátá, kó ku Gíríìkì nìkan. Wá ẹni kan tó gbọ́ èdè wọn sínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ọlọ́bẹ̀
Ẹ gbọ́ èyí. Ìyá kan fà mí wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó nawọ́ sí ewé kan, ó ní "vlita, vlita." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, àfi tẹ̀tẹ̀! Wọ́n ń bọ̀ ọ́ ni, wọ́n á da òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Mo sọ fún un pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, mo fi ọwọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Látìgbà yẹn, ọgbà ẹ̀fọ́ ni òde wa. Kí wọ́n já ewé, kí wọ́n jọ ṣà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n já èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti lè fín oògùn sí i, wọn ò sì ní gbà fún ọ!

Ọjà náà dára. Queen Victoria Market kì í ṣí lọ́sàn-án ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú o.

Títí Port Melbourne
Station Pier, èbúté ọkọ̀ ojú omi níbí, ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti bọ́ sílẹ̀. Àdéhùn ìjọba méjèèjì ní 1952 ló ṣí ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi Patris sì bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá láti Piraeus ní 1959. Bi wọ́n kí o tó lọ, nítorí ẹkún ni fún ẹlòmíì. Ìyá kan lọ́dọ̀ wa dúró níbẹ̀, ó ní ibi tí òun fi àpótí pákó òun sí nìyí, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì ó ní ká tún padà lọ.

Ìyá opó yẹn ní tirẹ̀, ṣé ẹ ti bi í bóyá ó fẹ́ lọ sí ibojì ọkọ rẹ̀? Òde ni ìyẹn náà. Wọ́n máa ń tan fìtílà òróró níbẹ̀, wọ́n á fi omi fọ òkúta, wọ́n á gbin òdòdó.

Àkẹ́ Èkìtì
Ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì. Mo pe ọmọ ìyá náà. Itẹ́ òkú Springvale ni wọ́n sin bàbá sí, oṣù márùn-ún ni ìyá ò tíì débẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé e lọ. Ó ní kí n gbé omi, kànrìnkàn àti òróró dání, kí n má mú òdòdó oníke. Àwọn yòókù á lọ sí Oakleigh ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ku ohun kan: àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì yẹn ga fún orúnkún ìyá. Ta ló ní mọ́tò tó rẹlẹ̀?

Bàbá Ìjẹ̀bú
Tèmi wà. Aago mélòó?