Ìgúnlẹ̀ kọ́: omi ló gbé e wá

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀.

Bàbá wa láti Iléṣà ní kí a pe òkú lámùsóò, tí àwọn kan ń pè ní dọ́fíìnì, tí a bá létí òkun ní "ìgúnlẹ̀". Mo bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí má wọ ìwé. Ọkọ̀ ló ń gúnlẹ̀, torí atukọ̀ mọ èbúté tó ń lọ. Bí odò Ọ̀pa bá kún tó gbé igi wá sétí, ta ló máa ń ní igi gúnlẹ̀ ní Ifẹ̀?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ yẹn á ba ìṣirò jẹ́. Òkú lámùsóò sábà máa ń rì. Bí inú rẹ̀ bá ti wú, á léfòó, ìjì àti ìṣàn omi á sì máa tì í kiri. Ìṣàn òkun tiwa ń ti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Èyí tí wọ́n rí ní Ìlàjẹ lè ti kú lọ́nà Èkó. Ẹni tó pè é ní ìgúnlẹ̀ á ka ibi tí òkú sùn sí ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń kọ́kọ́ wo bó ṣe jẹrà tó, láti 1 sí 5: 1 ṣì wà láàyè, 2 ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, 5 ti di egungun. Wọ́n á wo ẹnu àti lẹbẹ: ìlà tín-ín-rín tó gé wọ awọ, okùn àwọ̀n ni. Wọ́n á la eyín rẹ̀ sí pẹlẹbẹ, wọ́n á ka ìpele inú rẹ̀ bí ẹni ń ka ọdún igi, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọdé àti arúgbó ló yẹ kó pọ̀ nínú òkú. Bó bá jẹ́ àwọn tó wà lágbára ló pọ̀, nǹkan kan ń pa wọ́n lójú omi. Òkúta etí ẹja tó kù nínú ikùn á sọ ohun tó jẹ.

Ẹ wo Sousa teuszii, irú lámùsóò kan tí kò sí níbòmíràn àfi etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn títí dé Àǹgólà. Kükenthal, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1892 láti ara ẹyọ kan tó ti Kamẹrúùnù wá, ó ní ewéko ló ń jẹ! Ẹja ló ń jẹ. Ní 2017 wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá.

"Ìgbésétíkun" ni mo dábàá fún òkú. Fún ààyè, "ìhámọ́yanrìn", torí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀: ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ má bo ihò èémí orí rẹ̀, ẹ má sì fi ìrù fà á.

*

Láti Iléṣà:

Ọmọ mi, mo gba ti igi inú Ọ̀pa. Ṣùgbọ́n ṣé o gbọ́ gbé tìrẹ? "Ó ń gbé etíkun" ńkọ́? Ohùn kan náà ni. Ẹni tó bá ka "ìgbésétíkun" á rò pé ibẹ̀ ni ẹran náà ń gbé, ohun tí o fẹ́ sá fún gan-an. "Òkun bì í" là ń gbọ́ lẹ́nu àgbà, ìbìsétíkun ni. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn apẹja Ìlàjẹ sọ tiwọn, ilé wa jìnnà sómi.

*

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun. Sí ni mo fi sí i: "gbé sí etíkun". Ẹni tó ń gbé ìlú kì í gbé sí ìlú. Ti "bì" wá ńkọ́? Òkun tó bì ti kọ́kọ́ gbé mì.