"Dí" ni, kì í ṣe "dá"

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ ìlànà ZeroMQ (ohun èlò tí àwọn prógráàmù fi ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ síra wọn) sí Yorùbá, wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n pe EINTR, àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé àmì kan já lu ohun tí prógráàmù ń retí, ní "ìdálọ́wọ́kọ́", ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá. "Dá" yẹn ló bà á jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá dá lọ́wọ́ kọ́, iṣẹ́ ẹ̀ parí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ á dá ẹni tó pè é lóhùn, á sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá àgbà mi mọ ìkòkò ní Dada níbí n'Ílọrin. Bí ẹnì kan bá kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á nu amọ̀ ọwọ́ wọn sára àkísà, wọ́n á jẹ́ ẹ, wọ́n á tún ti ọwọ́ bọ omi, ìkòkò á máa ga lọ. "Ẹ má dí mi lọ́wọ́ mọ́ o", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n sun ìkòkò nìkan ni mo gbọ́ "dá mi lọ́wọ́ kọ́" lẹ́nu wọn.

EINTR náà nìyẹn. zmq_poll, iṣẹ́ ZeroMQ tó ń dúró de mẹ́sẹ́ẹ̀jì, jókòó ó ń retí, àmì kan (signal, ìpè tí wọ́n fi ń ta prógráàmù lólobó) wọlé, handler wa, ìyẹn apá prógráàmù tó ń dá àmì lóhùn, ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, zmq_poll wá gbé -1 fún wa, errno, nọ́ńbà tó ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, di 4 lórí Linux, EINTR nìyẹn. Kò sóhun tó bàjẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Tankẹ ka ìtumọ̀ yẹn, ó rí "ìdálọ́wọ́kọ́", ó bá fi break, àṣẹ tó ń jáde kúrò nínú lúùpù, síbẹ̀, gbogbo ìgbà tá a bá fi kill -HUP (àṣẹ tó ń fi àmì ránṣẹ́) ní kí prógráàmù lọ tún sẹ́tìn ẹ̀ kà ṣe ló ń kú jẹ́jẹ́, a wá ohun tó fà á títí. Ó tiẹ̀ ti fi SA_RESTART, èyí tó ń ní kí ohun tí àmì já lu bẹ̀rẹ̀ padà fúnra ẹ̀, sí i, àmọ́ poll ò sí lára àwọn tí SA_RESTART ń gbà sílẹ̀.

Ẹlòmíì ní ká pè é ní "ìdádúró". Rárá o, ìdádúró ti ní ẹni tó ni ín: Ctrl-Z tá a máa ń tẹ̀ ni, prógráàmù á dúró gbọin síbi tó wà títí SIGCONT, àmì tó ń ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, á fi jí i. Èyí tá a dí lọ́wọ́ ò dúró, ó ti padà wá bá wa, àwa la máa wò ó bóyá Ctrl-C, tó ń ní kí prógráàmù parí, ni wọ́n tẹ̀, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ká rán an padà, ká sì yọ àkókò tó ti lò kúrò, torí ẹni tó fẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 tó sì ti lo 3, 2 ló kù fún un.

Ẹni tó sọ ọ́ láàárín wa pé ará Ìlọrin ò gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀, níbo ni dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ wa, ti wá? Mo ṣì ń retí èsì yẹn.

Àbá pé ká máa pe signal ní "àrokò" dípò "àmì" dùn mọ́ mi gan-an. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ séèyàn láyé àtijọ́, "fà" inú ẹ̀fà lọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, pé ọkàn mi fà mọ́ ẹ. Nọ́ńbà náà ni iṣẹ́ tí wọ́n rán. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà àwọn signal: 15 ń bẹ prógráàmù pé kó palẹ̀ mọ́ kó máa lọ, 9 ò bẹ ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi "dí" rọ́pò "dá" níbẹ̀. Ibi mẹ́rìnlá ni mo kà.