Ara ta ló mọ̀ ọ́n? Èsì lórí "ìmọ̀lára-ọ̀nà-jíjìn"

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní kí n dákẹ́, kò ṣeé dákẹ́ sí.

Fún àwọn tí kò tíì kà á: Ẹ̀gbọ́n ń wá Yorùbá tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní Èkìtì nípa bí sátẹ́láìtì ṣe ń ṣọ́ oko àti omi dáàmù láti òfuurufú. Odindi iṣẹ́ náà, "remote sensing" lẹ́nu Òyìnbó, ni wọ́n pè ní "ìmọ̀lára-ọ̀nà-jíjìn". Ìṣirò tó ń sọ bí ara ewé ṣe le sí di "ìwọ̀n ìtutù ewé". Ti omi wá di "ìdára omi". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bí mi nínú, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìmọ̀lára wò. Ì-mọ̀-ní-ara. Ẹ̀gún gún mi, mo mọ̀ ọ́n lára. Ọyẹ́ mú, mo mọ̀ ọ́n lára. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 tí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ fi sókè ní 2015 wà ní nǹkan bí 786 kìlómítà sí orí ebè wa. Ara wo ló fẹ́ fi mọ ebè? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bọ́ sórí ewé, ló ta padà, ló kó sí i lójú. Wíwò nìyẹn. Àwa ọmọ Èkìtì, tí àwọn àgbà ní inú "òkìtì" ni orúkọ wa ti jáde, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń dúró lórí òkè wo oko.

Ẹnìkan ti dá sí i pé kí a pè é ní "ìwòkè". Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó gbójú sókè tó ń wo òṣùpá ló ń ṣe ìwòkè! Òkè ti di àbọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń wò. Sátẹ́láìtì kò wo òkè, ilẹ̀ ló ń wò. "Ti" ló sọnù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ti fi àpẹẹrẹ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́: à-ti-ọwọ́-dá, à-ti-ọ̀hún-rìn-wá. Ẹ ki òkè bọ̀ ọ́, ó di àtòkèwò. Àwòrán tó bá ti ibẹ̀ wá, àtòkèwò ni. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìtòkèwò. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ "àtòkèwo" sí mi o. Wo ilé, mo gbà, àbọ̀ ló gbé ohùn rẹ̀ sókè. Níbí, kò sí àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ni yóò gbé e?

(Ẹ fi sátẹ́láìtì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo "òṣùpá àtọwọ́dá". Láti 2003 tí Nàìjíríà ti fi NigeriaSat-1 sókè, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa pè é ní òṣùpá.)

Ó wá kan ìtutù. Ẹ̀gbọ́n, omi tutù, ẹran tútù, ewé tútù, ilé tutù: èwo nínú wọn? Landsat 8 tí Amẹ́ríkà fi sókè ní 2013 ní ojú méjì lọ́tọ̀: ọ̀kan ń wo àwọ̀, èkejì ń wo bí ilẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù tó. Ọmọ tó bá rí "ìtutù ewé" nínú ìwé, ẹ̀yìn èkejì ni yóò máa sá tẹ̀ lé. Kí sì ni àgbẹ̀ ń sọ? Mi ò gbọ́ rí kí bàbá mi dé láti oko kó ní ewé iṣu òun tutù. "Ó dú minimini" ni wọ́n máa ń wí. Bí ó bá sì ti ń gbó lọ, tàbí tí àrùn mú un, wọn a ní "ó ti ń pọ́n". Dú àti pọ́n, ó parí.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni orí mi ti wú. Ewé tí ara rẹ̀ le máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì. Bí a bá ya oko náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan, dúdú ló máa jáde. Ìmọ́lẹ̀ kan tún wà lẹ́yìn pupa, ojú ènìyàn kì í rí i. Ìyẹn ni ewé ń jù padà yàà. Ìṣirò tí à ń jà lé lórí kò ju pé kí a yọ pupa kúrò nínú ti ẹ̀yìn pupa yìí, kí a sì fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Iye tó máa jáde wà láàárín -1 sí 1. Ewé ń dú sí i, iye ń gòkè. Ewé ń pọ́n, pupa ń padà, iye ń wálẹ̀. Bàbá mi kò mọ ìṣirò kankan, ẹnu wọn sì bá a mu láìṣì. Ìwọ̀n dídú ewé ni, ẹ má jẹ́ ká jà mọ́. Ẹni tó ní dúdú kò lè jẹ́ àwọ̀ ewé, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ebè.

Kí a má sì tan àwọn ọmọ náà: àmì kékeré kan ṣoṣo (píkísẹ́lì) nínú àwòrán Sentinel-2 tó mọ́ jù jẹ́ mítà 10 sí 10 lórí ilẹ̀. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra, nǹkan bí 100 ebè ló wà nínú àmì kan ṣoṣo yẹn, pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sí àárín wọn. Kòkó abẹ́ igi ńlá sì rèé, láti òkè, igbó ló jọ.

"Ìdára omi" ló mú mi kọ lẹ́tà yìí ní ti gidi. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ti òkè wo ìdára omi dáàmù Ureje ní Adó tàbí ti Ìtàpájì, yóò gbé ife. Sátẹ́láìtì kò lè rí kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Kò lè rí òjé tó ti yòrò sínú omi. Ohun tó ń rí kò pọ̀. Ó ń rí i bí omi bá rú, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wọ́ erùpẹ̀ oko wọ dáàmù, tí omi pọ́n (pọ́n o, kì í ṣe pọn). Ó ń rí ewédò nígbà tó bá pọ̀, nítorí ewédò ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní 665 nánómítà (ìwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn), ó sì ń dá a padà ní 705, Sentinel-2 sì ní ojú fún méjèèjì. Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: ohun tó bá lékè nìkan ni tirẹ̀. Ìyá ìyá mi a fi igbá bu omi, wọn a gbé e sí ojú oòrùn, wọn a wò ó bó ṣe tòrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa tó fi ẹnu kàn án. Sátẹ́láìtì kò ní ẹnu. Ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó bu omi sínú ìgò lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ kọ "ìrísí omi" síbẹ̀, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Ẹni tó sì ní kí a má fi ẹnu Èkìtì dá ọ̀rọ̀ torí pé a ń pe ilé ní "ulé", èsì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ọdún mélòó ni onítọ̀hún ti gbé ní Adó ná?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìkọ̀kọ̀ bi mí pé ooru ń kọ́, ṣé ojú là ń fi mọ ooru? Mo gbà fún yín níbẹ̀, ara ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Ìkògòsì ṣe àpẹẹrẹ: àmì kan ṣoṣo nínú àwòrán ooru Landsat 8 tó mítà 100, omi gbígbóná yẹn sì wà lábẹ́ igi.

Ìbéèrè yín kejì ló le. Ẹ ní ní àsìkò òjò tí ìkùukùu bo gbogbo Èkìtì, Sentinel-1, sátẹ́láìtì Yúróòpù mìíràn, kì í dúró de oòrùn. Ó ń rán ìgbì tirẹ̀ wálẹ̀, ìgbì náà á la ìkùukùu kọjá, á kan ilẹ̀, á padà. Ẹ ní afọ́jú tó ń fi ọ̀pá tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé afọ́jú kì í wò, ó ń mọ̀ ọ́n lára ni.

Ọ̀pá yín yẹn, Ẹ̀gbọ́n, ó ti dè mí mọ́lẹ̀ láti àná. Mi ò tíì rí èsì rẹ̀.