Iná orí ọdẹ òru: kí la lè tò jọ tí kò ní já wa kulẹ̀, tí kò sì ní gbówó lórí wa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin ọdẹ òru, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pẹ́ kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń to tiyín fúnra yín, kí ni kéèyàn kọ́kọ́ náwó lé?

Oníwáyà Ṣágámù: Bátìrì. Gílóòbù LED kì í sábà kú. Bátìrì àti ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ló ń pa iná. Ẹ wá 18650, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 18, tó gùn ní 65. Ó wà nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, owó tí wọ́n á gbà kò ní tó nǹkan. Bátìrì láptọ́ọ̀pù lè ní ẹyọ mẹ́fà nínú, kó jẹ́ méjì péré ló bà jẹ́. Ẹ fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ volt 2 tipẹ́, ẹ má wulẹ̀ jí i: inú rẹ̀ ti bà jẹ́, ó lè gbiná lórí ṣájà. Ẹ ṣájì ìyókù dé 4.2, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èyí tó bá ṣì wà ní 4.1 sókè, ẹ mú un. Èyí tó bá ti ń jò lábẹ́lẹ̀, mítà á sọ fún yín.

Ọdẹ Àyépé: Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, sí lára ńkọ́? Ó pọ̀ nílẹ̀.

Oníwáyà Ṣágámù: Irọ́ gbuu. Èyí tó dáa lọ́jà wa kì í kọjá bíi 3500. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: ojúlówó máa ń tó bíi gíráàmù 45. Tó bá fúyẹ́ bí ike, a jẹ́ pé ike lẹ rà.

Àgbà Òdògbólú: Gbogbo ariwo mítà yìí, iná kábáídì kò mọ̀ ọ́n. Omi lókè, kábáídì nísàlẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó, gáàsì ń jáde, iná ń tàn. Kí òjò rọ̀, kí NEPA má mú iná wá lóṣù kan, kò kàn án. Ohun tó ń ba tiwọn jẹ́ ni pé wọ́n á rọ kábáídì kún agolo. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì, torí bó bá ti ń di ẹfun ló ń wú, á sì dí ọ̀nà gáàsì. Tí ẹnu tín-ín-rín tí iná ti ń jáde bá dí, ẹ fa irun wáyà kan ṣoṣo yọ, kẹ́ ẹ fi gún un. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹnu á fẹ̀, iná á máa rú èéfín.

Alágbẹ̀dẹ Òde Rẹ́mọ: Bàbá kò purọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Tí ẹnu yẹn bá jó, idẹ ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má lo páìpù bàbà pupa láé. Gáàsì kábáídì àti bàbà pupa, tí wọ́n bá pẹ́ pọ̀, ohun tó lè bú gbàmù ni wọ́n ń bí.

Ìyá Ìpẹru: Kábáídì yìí kan náà ni wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lójijì. NAFDAC ti kìlọ̀ títí, etí ikún.

Àgbà Òdògbólú: Ìyá, iná ọdẹ la ń sọ, a ò sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìpẹru: Mo gbọ́ o, Bàbá. Àmọ́ ẹni tó bá kó o sílé fún iná, kó tì í mọ́ inú agolo tí omi ò lè wọ̀, kí àwọn ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Òórùn rẹ̀ nìkan tó ìyà.

Igbó Omo: Òórùn yẹn gan-an ni. Ẹtu ń gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i.

Àgbà Òdògbólú: Kẹ́ ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ti LED. Ṣé kí n kàn so ó mọ́ bátìrì tààrà?

Oníwáyà Ṣágámù: Rárá. Bátìrì tó kún jẹ́ 4.2, LED wọ́ọ̀tì 1 ń fẹ́ bíi 3.2. Volt 1 ló lé. Rìsísítọ̀, ìyẹn ẹyọ tó ń dín iná tó ń kọjá kù, tó jẹ́ ohm 3, oníwọ́ọ̀tì 1, á jẹ́ kí bíi 330 mA kọjá. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bí bátìrì ti ń rẹ̀ ni iná ń rẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ìdájí, ó ti di bàìbàì. Ẹ wá AMC7135, ẹyọ kékeré bí èékánná: 350 mA ló ń jẹ́ kó kọjá, bátìrì ìbáà kún, ìbáà ti lọ díẹ̀. Bátìrì 2500 mAh á gbé e tó wákàtí 7. Ẹ lẹ LED náà mọ́ pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù, ìdérí ìkòkò tó ti fọ́ pàápàá tó. Láìsí ìyẹn, ooru á jẹ ẹ́ run.

Ọdẹ Àyépé: Ṣájà ńkọ́?

Oníwáyà Ṣágámù: TP4056, èyí tó ní ojú mẹ́fà tí a ń jó lẹ́ẹ̀dì (òjé tí a fi ń lẹ wáyà, kì í ṣe LED) sí, kì í ṣe olójú mẹ́rin. Olójú mẹ́fà ló máa ń gé iná fúnra rẹ̀ kí bátìrì má bàa gbẹ tán. B+ àti B− lọ sára bátìrì, OUT+ àti OUT− lọ sára LED, kí AMC7135 wà láàárín. Tí bátìrì bá ti dàgbà, ẹ yọ rìsísítọ̀ 1.2k orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi 2k sí i: á kúrò ní 1000 mA, á bọ́ sí 580. Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì sára bátìrì gan-an o! Ahọ́n irin pẹlẹbẹ tó bá a wá láti inú láptọ́ọ̀pù, ẹ má fà á ya, orí ìyẹn ni kẹ́ ẹ jó o sí.

Alágbẹ̀dẹ Òde Rẹ́mọ: Kí bátìrì wà ní ìbàdí, kì í ṣe iwájú orí. Páìpù omi mílímítà 25 ni kẹ́ ẹ fi ṣe ilé rẹ̀, ẹ mú bátìrì dání lọ dán an wò lọ́jà Sábọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ta wáyà ní kókó nínú páìpù kó tó jáde, torí ẹ̀yìn ọrùn ni gbogbo wọn ti ń já, bí ọdẹ ti ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wáyà onírun púpọ̀ ni kẹ́ ẹ lò; onírun kan á ṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Igbó Omo: Sílíkóònù tẹ́ ẹ bá fi dí ẹnu páìpù náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ìrì igbó ju òjò lọ.

Ọdẹ Àyépé: Iná pupa dáa jù, ẹran kì í tètè sá.

Igbó Omo: Tẹ́ ẹ bá ń rìn ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú yín, funfun ni. Ojú ewúrẹ́ ń dán, ojú ajá ń dán, ojú ẹtu ń dán. Ojú èèyàn kì í dán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń yìnbọn sí ojú tó ń dán nìkan, tàbí sí ibi tí koríko ti mì, ẹran aládùúgbò tàbí ọmọ aráyé ló máa pa. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ọrùn, èjìká àti ẹsẹ̀.

Àgbà Òdògbólú: Ó tọ́, ọmọ mi. Iná yòówù kó jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣeun. Bátìrì láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ báyìí, mẹ́fà. Mẹ́rin ka 3.6, ọ̀kan 3.1, ọ̀kan 0.8.

Oníwáyà Ṣágámù: Ẹ yọ 0.8 sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi téèpù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó gbé e jù. Ẹ ṣájì márùn-ún tó kù lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sára wọn.