Èsì lórí “ìfòjìn”: ta ló fẹ́ jìn sí kòtò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka ohun tí ọ̀gá wa láti Ìperu kọ lánàá. Wọ́n ní kí a máa pe bí pápákọ̀ òfurufú kan ṣe jìnnà sí èkejì ní “ìfòjìn”. Àpẹẹrẹ wọn ni pé “ìfòjìn Singapore sí New York jẹ́ wákàtí 18 ó lé”. Láti ìgbà tí pápákọ̀ òfurufú ti dé àárín Ìperu àti Ìlíṣàn ni gbogbo Rẹ́mọ ti di awakọ̀ bàálù, n ò bá wọn du ìyẹn. Àmọ́ “jìn” yẹn!

Ọ̀gá, ẹni tí kò bá wolẹ̀ tó ń rìn, kí ní ń ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣebí kòtò ló ń jìn sí, tí ará yòókù fi ń gbọ́n. Ẹ wá fi “fò” síwájú, ẹ ní kí “jìn” tẹ̀lé e: ó fò, ó jìn. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu òṣìṣẹ́ bàálù tí kò ní gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Mo mọ̀, ẹ ó ní kànga jìn, ẹ ó ní ọ̀nà jìn. Ọ̀nà ló jìn, ọ̀gá. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ìfò jìn? Ẹ fi “nà” tì í lẹ́yìn kó di “jìnnà”, kí ọkàn èrò balẹ̀.

Èkejì, wákàtí kọ́ ni ìjìnnà. Singapore sí New York tó nǹkan bí kìlómítà 15,300 ní tààrà, ibi yòówù kí awakọ̀ gbà. Wákàtí ni kì í dúró sójú kan. New York sí London, kìlómítà 5,500 ó lé díẹ̀, bàálù ń lò tó wákàtí 7. Tó bá ń padà, ó lè di 8, torí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, tó ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, yóò máa dojú kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ wá fẹ́ kó ru ẹrù méjèèjì?

Ìyá ìyá mi ń ru epo láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sọ́jà Èjìnrìn létí ọ̀sà. Bí a bá bi wọ́n bó ṣe jìnnà tó, wọn kì í dárúkọ máìlì. Wọ́n á ní, “Tí àkùkọ bá kọ lẹ́ẹ̀kíní la ó gbéra, kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti dé etí ọ̀sà.” Ẹ ó fi èyí mú mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá kò pe oòrùn ní ọ̀nà.

“Ìjìnnà” àti “wákàtí ìrìn” ni èmi yóò máa lò. Ẹni tó bá sọ pé bàálù kì í rìn, kó sọ ohun tí “ìrìnàjò” ń wá lẹ́nu òun náà.

Ọ̀gá, ẹ ní bàbá yín tó jẹ́ tíṣà ló kọ́ yín ní “ìfòjìn”. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ṣé wọ́n fi àmì ohùn sí i nígbà tí wọ́n kọ ọ́?

Ẹni tó sì ní kí ará Ìjẹ̀bú lọ kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ará Ọ̀yọ́ kó tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti rí i. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.