Rápù igbó kan ṣoṣo: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí

Ìyá Aláṣọ, Oǹdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn lórí bóyá kí òfin Nàìjíríà yé fi ẹni tó ń mu igbó fún ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà nílé rẹ̀ rí. Ó yà nílé tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ náà wá sọ ọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí mo gbé pọ̀n dàgbà, ló kó sí i. Télọ̀ ni, ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ṣíwọ́ iṣẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn agbófinró já wọlé, wọ́n ní kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Rápù kan ni wọ́n bá lápò ṣòkòtò rẹ̀. Mo rí i lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ kejì: pépà ìwé ìròyìn tí wọ́n ká, kò gùn tó ìka ọmọńdinrín mi. Wọ́n fi bírò kọ orúkọ ọmọ ìyá mi sára ọ̀rá tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì kọ ọ́ lódì.

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Aṣọ ẹbí èèyàn mọ́kànlá wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìgbéyàwó ọ̀hún sì ni ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ làwọn oníbàárà ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi. A já àgádágodo. Mẹ́ta nínú aṣọ náà kò tíì lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo jókòó sídìí máṣíìnì, omi ń bọ́ lójú mi sórí léèsì olóléèsì.

Lọ́yà tí a gbà ló ka òfin sí wa létí. Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí ìjọba ológun ṣe ní 1989 ni: ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 15, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 25 lọ. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wo ojú mi, ó ní, “Kí ló wí?” Mo ní kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Lọ́yà wá ní ká fọkàn balẹ̀, pé ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í fún ẹni tó ní rápù kan ní irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kì í ṣe kóòtù tó wà nítòsí ilé wa. Oṣù mẹ́rin ni àbúrò mi lò ní àtìmọ́lé kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé iwájú adájọ́. Adájọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí owó ìtanràn. A san án. Máṣíìnì méjèèjì la tà, àti èyí tó fi ń ránṣọ àti èyí tó fi ń gé etí aṣọ.

Ohun kan wà tó ń dùn mí jù. Ní 1966, òfin tí ìjọba ológun ṣe sọ pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tó bá gbin igbó, ẹni tó bá mu ún yóò sì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó kéré tán. Ní 1975, àwọn sójà kan náà wò ó, wọ́n rí i pé ó ti le jù, wọ́n yọ ikú kúrò, wọ́n sọ ti ẹni tó ń mu ún di oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn. Sójà o! Ìjọba alágbádá wa kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí ìjọba àti àjọ UN jọ ṣe ní èèyàn mílíọ̀nù 10.6 ló mu igbó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ẹ̀wọ̀n wo ló fẹ́ gbà wọ́n?

Èmi ò mu igbó rí, n ò sì ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni mu ún. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ya ẹni tó ní rápù kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Bàbá Ìjẹ̀bú:

Ẹ kú àfaradà, Ìyá Aláṣọ. Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kí igbó di ohun tí wọ́n ń tà bíi búrẹ́dì. Igbó ló ba ọmọ mi jẹ́. Ọmọ ọdún 16 ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé 19, ó ti ń dá sọ̀rọ̀, ó ń fi aṣọ dí fèrèsé nítorí pé àwọn kan ń wo òun.

Mo mọ ọ̀nà Aró l'Abẹ́òkúta dáadáa. N ò gbé e lọ. Ohun tó ń sọ lọ́kàn mi ni pé bí mo bá fẹnu ara mi sọ fún dókítà pé igbó ni, wọn yóò pe agbófinró wá mú un. Ilé àdúrà kan ni mo gbé e lọ, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó tó ọdún méjì kí n tó gbé e dé iwájú dókítà. Dókítà bi í pé, “Kí lò ń mu?” Ó dáhùn. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè mìíràn. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ọdún méjì yẹn, ta ló máa dá a padà fún mi? Ìbẹ̀rù òfin ló jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí mo tilẹ̀ kórìíra igbó bí ẹní kórìíra ejò, mo wà lẹ́yìn ẹni tó bá ní kí wọ́n mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tó ń mu ún, kí bàbá lè la ẹnu rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Johannesburg:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. South Africa tí mò ń gbé ti ṣe é. Dagga ni wọ́n ń pe igbó níbí. Ọkùnrin Ràsítà kan, Gareth Prince, kẹ́kọ̀ọ́ lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà kọ̀ láti gbà á nítorí wọ́n ti dá a lẹ́bi rí lórí dagga. Ó gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè, ó pàdánù ní 2002. Ó tún padà lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 2018, adájọ́ Zondo ka ìdájọ́ pé ohun tí àgbàlagbà bá mu tàbí gbìn ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn mọ́. Ààrẹ Ramaphosa buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024.

Wọn ò ní kí ẹ tà á o, wọn ò sì ní kí ẹ máa mu ún ní gbangba. Bàbá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa gbin méjì sínú ike ọ̀dà. Ohun tí mo rí tó yàtọ̀ ni pé kì í fi táńpóòlì bò ó mọ́ bí mọ́tò ọlọ́pàá bá ń kọjá.

Ìyá Aláṣọ, Oǹdó:

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ lọ́yà tí o sọ yẹn bọ́ sí mi lára. Àbúrò mi ń rán aṣọ lábẹ́ ẹlòmíràn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan, ó ní kí n bá òun kọ ọ́. A kọ orúkọ, a kọ ọjọ́ ìbí, a kọ iṣẹ́ tó mọ̀. A dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó dé e lórí, ó sì fi í sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì mi.