Páìpù èéfín tó ń mì lójú atẹ́gùn jẹ́jẹ́, tí kì í sì í mì lójú ìjì

Oníbúrẹ́dì, Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Páìpù èéfín ilé búrẹ́dì wa ga tó mítà 15, ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, kò sì sí okùn irin kankan tó dì í mú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni orí rẹ̀ ti ń mì, tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀tù méjì fi tú nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó rú mi lójú ni pé nígbà tí ìjì òjò ṣí páànù ilé àdúgbò wa, páìpù yìí kò mì tó báyìí. Atẹ́gùn tí kò lè ṣí fìlà lórí ẹni ló ń mì ín. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni páìpù ń fì sí. Wẹ́dà wa ní kí a lọ́ irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lára bí ejò. Ṣé irin yẹn á fún un lágbára lóòótọ́?

Ẹnjiníà, Ìlọrin:
Wẹ́dà yín mọ ohun tó ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe agbára ni irin náà ń fún páìpù. Mo ti ki igi kan bọ odò Asà rí níbi tí omi rẹ̀ kò jìn, mo sì da ewé gbígbẹ sí i: lẹ́yìn igi náà, omi ń ká di òyì kéékèèké, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ewé sì ń yí lọ pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn ń ṣe. Bí òyì ṣe ń já lọ́tùn-ún lósì ni ó ń fa páìpù sọ́tùn-ún sósì, ìdí nìyẹn tó fi ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Vincenc Strouhal, ará ilẹ̀ Czech, tó ṣèwádìí ohùn tí wáyà ń mú jáde nínú atẹ́gùn ní 1878, ló là wá lójú sí ìṣirò rẹ̀: ẹ pín eré atẹ́gùn fún ìbú páìpù, kí ẹ sì mú ìdá kan nínú márùn-ún. Bí atẹ́gùn bá ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fa páìpù yín láàárín àkókò yẹn. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń fì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹni ń ti ọmọ lórí jàǹgìrọ́fà lásìkò gan-an ni. Ìjì ń tì í léraléra ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì bá ara wọn mu.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Irin tí ẹ bá lọ́ mọ́ ọn yóò tú ọwọ́ náà ká, òyì òkè kò ní já lásìkò kan náà pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Scruton àti Walshe ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957. Fún tiyín, irin mẹ́ta ni, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó yí páìpù po lẹ́ẹ̀kan láàárín mítà 2.5, ní ìdá kan nínú mẹ́ta lókè.

Wẹ́dà, Ọ̀mù-Àrán:
Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ òkè yẹn o. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà kan nítorí pé àkàbà mi kò gùn tó, páìpù náà kò sì yéé mì. Ẹnjiníà, ṣé a kò lè jó irin gbọọrọ kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni?

Ẹnjiníà, Ìlọrin:
Nínú odò, ó dára gan-an, nítorí ibì kan náà ni omi ń gbà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òjò yóò wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, bí ó bá sì gbá irin yẹn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tì í bí ìgbòkun. Irin lílọ́ náà ń jẹ́ kí ìjì rí páìpù tì sí i, nítorí náà ẹ tún ìdí rẹ̀ ṣe kọ́kọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú ibi tí wọ́n jó nídìí rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá ti sán, ìlà yóò yọ.

Oníbúrẹ́dì, Ọ̀fà:
A kùn ún láàárọ̀ yìí. Ìlà kan yọ lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó gùn tó ìka méjì. A ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, a ń wá okùn irin tí a ó fi dì í mú.